Sọ́séèjì Tó Dákẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń wọ lọ́fínńdà bí ẹni tó fẹ́ fi lé ẹ̀fọn. Ìgò rẹ̀ gùn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ọsàn, orúkọ tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ èdè Faransé tí ẹni tó tà á fún mi ní Ìkòtún pàápàá kò lè pè. Mo máa ń fọ́n ọn sọ́rùn, sábíyá, sétí ẹ̀wù, àní sínú bàtà. Akọ̀ròyìn ọdún kan ni mí nígbà náà. Ẹ̀wù mẹ́ta ni mo ní, yàrá tí mo sì háyà wà ní Ìgàndó, lẹ́yìn ààtàn ńlá tí ọkọ̀ ìdọ̀tí ń da ẹrù sí láti àárọ̀ dalẹ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ọ̀hún, aṣọ tí a sá sórí okùn á ti gba òórùn náà mọ́ra kó tó gbẹ. Ohun tí lọ́fínńdà wà fún nìyẹn. Ẹni tó bá bi mí níbi tí mò ń gbé, "Ẹ̀gbẹ́dá" ni mo máa ń dá a lóhùn. Màá tún fi "apá ibẹ̀ yẹn" kún un, kó má baà di irọ́ pátápátá. Àfẹ́sọ́nà mi nìkan ló mọ òtítọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ fún ìyá òun. Mo ní màá sọ.

Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Gowon Estate. Olùkọ́ tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ sì ti ṣaláìsí. A ti bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ọjọ́ tí àwọn èèyàn mi lè wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Máa bọ̀ ní Sátidé. Ra sọ́séèjì dání, kó jẹ́ gidi. Ìrẹsì wà nílé."

Àfẹ́sọ́nà mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní nígbà tí bàbá òun wà láyé, bàbá náà ló máa ń ra ẹran inú ilé, kò sì ra èyí tó bàjẹ́ rí. "Ìdánwò ni o," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń fọ̀rọ̀ wá alága ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́nu wò, ṣé sọ́séèjì ni n kò ní mọ̀ ọ́n rà?

Láwọn ọdún wọ̀nyẹn, ilé ìtajà ń hù ní Ẹ̀gbẹ́dá bí olú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀rọ kékeré kan lára ògiri tó ń tu òórùn òdòdó sáfẹ́fẹ́ níṣẹ̀ẹ́jú-níṣẹ̀ẹ́jú: fìn-ìn. Iná ìjọba a máa lọ, a máa bọ̀. Bó bá lọ, fìrísà á dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olóòórùn yẹn, bátìrì ló ń lò, kì í dákẹ́ ní tiẹ̀. N kò ronú kan ìyẹn. Mo wọ ilé ìtajà tó ń ta sánsán jù lọ, nítorí lójú mi, ibi tó bá ń ta sánsán ni ibi ìmọ́tótó. Ọmọbìnrin tó ń tajà kí mi káàbọ̀, ó ní, "Brọ̀dá, ẹ̀yin náà ń ta sánsán o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sín lẹ́ẹ̀márùn-ún, orí mi ń fọ́, mo gbé sọ́séèjì, mo jáde.

Mọ́mì, bí mo ṣe ń pe ìyá àfẹ́sọ́nà mi, tú náílọ̀nù náà lórí tábìlì ìdáná. Ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó gbé e kúrò. Kò bú mi. Ó mú ẹyọ kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn fún ológbò ilé. Ológbò náà gbóòórùn rẹ̀, ó wo sọ́séèjì, ó wo èmi, ó bá tiẹ̀ lọ.

"Ó ti dáhùn," Mọ́mì wí.

Ẹyin díndín la fi jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Nígbà tí mo dìde, Mọ́mì ní kí n padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, sọ́séèjì náà ni. Àfẹ́sọ́nà mi kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sìn mí. "Mọ́mì kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀kẹta," ó ní.

Mo wá mú ọ̀rọ̀ náà bí iṣẹ́ ìròyìn. Mo ra ìwé pélébé tuntun, lójoojúmọ́ bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, màá wọ ilé ìtajà kan tàbí méjì, màá sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Òórùn wọn ni kò jẹ́ kí n ríbi dúró. Lọ́jọ́ kìíní, mo fi áńkáṣíìfù di imú. Obìnrin tó jókòó sídìí owó ní, "Ọ̀gá, ṣé ọjà lẹ wá rà, àbí ẹ wá jà wá lólè?" Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìpara aláta tí wọ́n ń fi pa àyà ọmọ sí ihò imú. Ìyẹn kápá òórùn òdòdó lóòótọ́, àmọ́ ìpara nìkan ni mo ń gbọ́ lára gbogbo nǹkan fún ọjọ́ méjì, títí kan búrẹ́dì. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dán èèpo ọsàn wò. Ọmọbìnrin kan wò mí títí, ó wá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Brọ̀dá, ẹ má bínú, nǹkan kan ń yọ nímú yín." Ọkùnrin kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí mo bi pé kí ló dé tí wọ́n ń fọ́n òórùn tó bẹ́ẹ̀, dá mi lóhùn pé, "Òórùn ló ń pe oníbàárà wọlé. Ẹran ò lè pe èèyàn fúnra ẹ̀, jàre."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, mo ti wọ ilé ìtajà mẹ́jọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé, "Òórùn kan náà ni gbogbo wọn ń fọ́n." Mo fa igi sábẹ́ rẹ̀, inú mi dùn pé mo ti tú àṣírí. Akọ̀ròyìn tó gbọ́n ì bá ti bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ẹni kan ṣoṣo tó wà nínú ilé ìtajà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Sátidé náà pé. Mo wọ ọ̀kan nínú ẹ̀wù mi, mo ti fọ́n lọ́fínńdà sí i dáadáa. Mo ká òmíràn sínú àpò nítorí òógùn, mo sì mú ìgò náà dání, kí n lè fi tún un ṣe bí mo bá dé gbàgede Mọ́mì. Ìkòtún ni mo gbà lọ. Lẹ́yìn ọjà, mo rí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran dídì kan, fìrísà mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìnkùlé, àti Àlàájà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó jókòó sórí àpótí. Kò sí ẹ̀rọ kankan lára ògiri. Bí mo ṣe ń wọlé, ó na ọwọ́.

"Dúró síbẹ̀, ọkọ mi. Kí lò ń wá?"

Mo ní sọ́séèjì tó dáa ni.

"Báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

Mo ní màá gbóòórùn rẹ̀. Àlàájà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. "Pẹ̀lú gbogbo ariwo tó wà lára ẹ yìí? Ṣebí òórùn, gbígbọ́ là ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ń fun fèrè létí ara ẹ̀, kí ló fẹ́ gbọ́?"

Ó bá na bùútà sí mi. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù òkè, kí n fọ ọwọ́, kí n fọ ọrùn, kí n sì fa omi símú, kí n fun ún dànù, lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní, "Àlàájà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o."

"Ta ló ní kí o kírun? Imú ni mo ní kí o fọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo fọ imú. Omi gba ọ̀nà tí kò gbà rí nínú orí mi, ojú mi pọ́n, mo wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó gbóòórùn eruku, lẹ́yìn náà epo jẹnẹrétọ̀, lẹ́yìn náà àkàrà ẹnì kan lódìkejì títì. Ó tó oṣù mélòó kan tí n kò ti gbọ́ àkàrà láti ọ̀nà jíjìn. Mo wọ ẹ̀wù tí mo ká sínú àpò, Àlàájà sì so èyí tí mo bọ́ mọ́ inú náílọ̀nù pinpin, bí ẹni so ejò.

Ó ṣí fìrísà. Sọ́séèjì rẹ̀ le bí igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, yìnyín kò sì kóra jọ sínú náílọ̀nù wọn. Ó ní èyí tó bá ti yọ́ rí, tó tún padà dì, á ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo gbé imú sí i. Kò sí nǹkan kan, àfi òtútù àti iyọ̀ díẹ̀.

"N ò gbọ́ nǹkan kan, mà," mo wí.

"Èyí tó bá dákẹ́ ni kí o rà. Ẹran ò nílò lọ́fínńdà, iná ló nílò."

Ìwé ìròyìn wa ni mo fi wé e, ojú ewé tí ìròyìn tèmi wà gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ tó wúlò jù tí mo ṣe lọ́dún náà nìyẹn.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn nǹkan mìíràn. Imú tí a ti fọ̀ kì í yan ohun tí yóò gbọ́. Ààtàn Ìgàndó ni, ó ń rú jáde láti ara ẹ̀wù tí mo wọ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí ṣí fèrèsé. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì Mọ́mì, mo yọ ìgò lọ́fínńdà. Mo gbé e dání ní ọwọ́ kan, sọ́séèjì ní ọwọ́ kejì. Bí mo bá fọ́n ọn, sọ́séèjì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bí n kò bá fọ́n ọn, èmi ni màá pariwo. Mo dúró pẹ́ débi pé ológbò ilé jáde wá wò mí. Mo dá ìgò náà padà sínú àpò, mo wọlé.

Mọ́mì gbóòórùn sọ́séèjì náà, ó mi orí. Ó gé díẹ̀ fún ológbò, ìyẹn sì jẹ ẹ́ láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Òróró ti ń gbóná. Ni Mọ́mì bá yíjú sí èmi náà, ó fa imú díẹ̀.

"Níbo lò ń gbé gan-an?"

Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. "Ìgàndó ni, mà. Ẹ̀yìn ààtàn. Ẹ má bínú."

Àfẹ́sọ́nà mi ń wo ilẹ̀. Mọ́mì da sọ́séèjì sínú òróró kó tó sọ̀rọ̀.

"Láti ọjọ́ tí o ti kọ́kọ́ wá síbí ni mo ti ń ronú pé kí ni ọmọkùnrin yìí ń fi lọ́fínńdà bò tó bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá ọtí ni. Mo ní bóyá sìgá ni. Mo tiẹ̀ ní bóyá obìnrin mìíràn ni. Ààtàn lásán?" Ó na ọ̀bẹ sí mi. "Gé àlùbọ́sà yẹn. Ẹ̀yìn Ọdún Àjíǹde ni kí àwọn èèyàn ẹ wá."

Àlùbọ́sà ló ń ta mí lójú. Ohun tí mo sọ fún àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn.

Àfẹ́sọ́nà mi ti di ìyàwó mi báyìí, ó ti pẹ́. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé: bó bá pè mí lórí fóònù, "Lọ́fínńdà, ṣé ẹ ti jẹun?" ló fi máa ń kí mi. Mo ṣì máa ń fọ imú kí n tó lọ ra ẹran, ìyàwó mi á sì ní, "Ààfáà, ó tó." Mo gba Ìkòtún kọjá láìpẹ́ yìí. Fóònù ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájà báyìí, ẹ̀rọ kan wà lára ògiri, ó tu sí mi bí mo ṣe yọjú. Mo sín, mo bá tèmi lọ.

Ìwé pélébé ìgbà náà wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí olúkúlùkù sọ wà níbẹ̀, ti ọkùnrin Ẹ̀gbẹ́dá, ti ọmọbìnrin tó rí èèpo ọsàn nímú mi. Ojú ewé ti Àlàájà nìkan ni kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Omi bùútà kán sí i lọ́jọ́ náà, bírò kò mú un. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan sì ni n kì í ṣí ìwé náà kí n tó rántí.