Bí Mo Ṣe Tún Gun Òkè Màpó

Òórùn irú àti ata gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní Ọjà'ba láàárọ̀, kí àwọn ọlọ́jà tó tú ẹrù wọn tán. Tí o bá wá gbójú sókè, wàá rí òkè Màpó àti gbọ̀ngàn ńlá tó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ tó dúró gbọin-gbọin. Ọ̀nà yẹn ni mo ti ń rìn láti kékeré. Bẹyẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ tíṣà eré ìdárayá ni mo sì yàn láàyò. Tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, màá wọ kánfáàsì mi, màá gba Ọjà'ba, màá gun òkè dé iwájú gbọ̀ngàn, màá sì sọ̀ kalẹ̀ gba Bẹẹrẹ padà sílé kí n tó wẹ̀ lọ síléèwé. Mi ò kà á sí nǹkan bàbàrà. Bí àwọn kan ṣe ń mu tíì láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ lèmi ń gun òkè.

Nígbà tó yá, òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í le fún mi. Mi ò ní tíì dé ìdajì ọ̀nà tí òòyì á ti máa kọ́ mi, ẹsẹ̀ mi á wúwo bíi pé mo wọ bàtà tó kún fún omi. Mo sọ fún ara mi pé àgbà ló ń dé. Lọ́jọ́ kan ní pápá iléèwé wa, àwọn ọmọ ti tò síbi tí wọ́n ti fẹ́ sáré, mo ki fèrè bọ ẹnu, ibẹ̀ ni ohun tí mo rántí parí sí. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni mo wà, iyanrìn wà létí mi, àwọn ọmọ sì ń ké "Àǹtí! Àǹtí!" lórí mi. Ọsibítù ni wọ́n ti sọ fún mi pé ọkàn mi ń lù jẹ́jẹ́ jù, pé ó tiẹ̀ máa ń dákẹ́ díẹ̀ nígbà mìíràn bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Wọ́n la awọ ara mi díẹ̀ lókè àyà lápá òsì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pesimékà. Ó ní bátìrì nínú. Tí ọkàn bá fẹ́ lọ́ra jù, òun ni yóò ta á jí.

Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà ni ọ̀dọ̀ màámi. Obìnrin tó ta àwo tánganran ní Ọjà'ba fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun tó lè fọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn pé ohun tó wà láyà mi kì í ṣe ọ̀kan lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. "Ṣebí bátìrì ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀?" ni wọ́n wí. "Tọ́ọ̀ṣì ló jọ. Téèyàn bá ń tàn án ṣáá, á kú. Jókòó jẹ́ẹ́, jẹ́ kó pẹ́." Wọ́n kó kánfáàsì mi, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

Lákọ̀ọ́kọ́, mi ò bá wọn jiyàn. Àwọn dókítà fúnra wọn ti ní kí n má gbé apá òsì sókè, kí n má sì gbé ẹrù wúwo títí ọgbẹ́ fi máa jinná. Ọgbẹ́ jinná, àmọ́ ẹ̀rù màámi ò lọ. Wọn ò jẹ́ kí n gbá ilẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n gbé abọ́ tí mo fi jẹun. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, ẹ̀rù náà ti ń ràn mí díẹ̀díẹ̀. Tí gbogbo ilé bá dákẹ́, màá gbọ́wọ́ lé àyà, màá máa fetí sí i. Ọ̀gá iléèwé wa náà ti ń fi ọgbọ́n sọ pé bóyá kí n kúrò ní pápá, kí n máa bójú tó yàrá ìkàwé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí ju ibi tí wọ́n ti là mí lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ ní Àrẹ̀mọ wọlé, ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo jókòó káwọ́ lẹ́rán sí. Ó wò mí títí. "Ìwọ rèé?" ló ní. "Ìwọ tó o máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé à ń rìn bí aláboyún?" Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò mi pé, mo mú màámi dání. Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan lé àyà mi níbi tí ẹ̀rọ náà wà, ó wo ohun tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kò síyọnu. Mo bi í létí màámi bóyá mo lè máa rìn.

"Ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn, mà," ló dáhùn. Ó wá yíjú sí màámi. "Màmá, ìrìn ò ní pa bátìrì ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa lò. Tó bá fẹ́ tán, àwa la máa kọ́kọ́ mọ̀, a ó sì pààrọ̀ ẹ̀. Torí kí wọ́n lè máa rìn la ṣe fi síbẹ̀."

"Dókítà, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màmá. Kí wọ́n ṣáà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí òòyì bá kọ́ wọn tàbí tí àyà bá ń dùn wọ́n, kí wọ́n dúró, kí wọ́n pè wá."

Bí a ṣe délé, màámi wọ yàrá wọn lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo bá kánfáàsì mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n ti nu eruku ara rẹ̀.

Orí ilẹ̀ títẹ́jú lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. A rìn dé Bẹẹrẹ, a padà. Ẹsẹ̀ mi dà bí ẹsẹ̀ àyálò, èémí mi sì kúrú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, a ń rìn dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, a sì ń tàkúrọ̀sọ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo sọ pé òkè ló kàn. Màámi gbọ́, wọ́n ní àwọn ń bá wa lọ. Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò níbẹ̀ títí a ó fi dé.

A rọra ń gùn ún. Nígbà tá a dé ibi tí òòyì ti máa ń kọ́ mi tẹ́lẹ̀, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Mo dúró, mo fọwọ́ ti ògiri.

"Ṣé òòyì ni?" lọ̀rẹ́ mi bi mí, ó ti di apá mi mú.

Mo tẹ́tí sí ara mi. Ojú mi ò ṣú. Ilẹ̀ ò yí. Ọkàn mi ń lù kíkankíkan, kò sì dákẹ́ níbì kankan, bí ọkàn ẹni tó ń gun òkè ṣe yẹ kó máa lù gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ kẹ́yìn. "Rárá," mo ní. "Mímí ni mò ń mí." Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn.

A dé òkè. Òrùn ti yọ sórí àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n, èéfín ìdáná ń jáde láàárín wọn. Mo yíjú padà kí n lè juwọ́ sí màámi, mo wá rí i pé wọn ò sí lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Wọ́n ti dé ìdajì òkè! Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n ń di ògiri mú, wọ́n ń bọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo sáré. Àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ọ̀rẹ́ mi ń pariwo orúkọ mi lókè, ni mo tó mọ̀ pé eré ni mo sá.

"Ṣé eré lò ń sá yẹn?" ni màámi wí, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Mo rí i pé ẹ̀ ń bọ̀ ni."

"Mo rí ọ tó o dúró níbi ògiri. Mo rò pé mò ń bọ̀ wá gbé ọ ni." Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi lé àyà ara wọn. "Tèmi náà ń lù. Gbọ́ ọ."

Lóòótọ́, ó ń lù gìdì-gìdì. Mo di ọwọ́ wọn mú, a rọra gun èyí tó kù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, kò sẹ́ni tó yára láti sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti padà sí pápá báyìí. Mi ò bá àwọn ọmọ sá eré ìje mọ́, àmọ́ èmi ni mò ń fọn fèrè, mo sì ń gun òkè mi láàárọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ohun tí ẹ̀rọ yẹn dá padà fún mi ni agbára ẹsẹ̀. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo oṣù tí mo fi jókòó sílé yẹn, tí mo bá kàn fẹ́ yọjú síta, màámi á bi mí pé, "Ṣé wàá padà délé báyìí?" ojú wọn á sì rẹ̀ wálẹ̀. Ní báyìí, mo lè ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ké sí mi láti yàrá: "Tó o bá ń bọ̀, ra ògì dání. Má sì ra èyí tó kan jù."