Àṣẹ Tí Adjara Kò Lè Pa fún Àgbà

Àbíkẹ́yìn ni Adjara nílé wọn ní Ofè, ẹ sì mọ ohun tí ojú àbíkẹ́yìn ń rí: gbogbo ayé ló ń rán an níṣẹ́, òun kò rí ẹni rán. Bóyá ìdí nìyẹn tí èdè Ẹsipanyọ́ọ̀lù fi wọ̀ ọ́ lára nílé-ẹ̀kọ́ ní Savè. Nínú èdè náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti pàṣẹ: *dámelo*, gbé e fún mi, *dímelo*, sọ ọ́ fún mi. Ohun tí à ń béèrè àti ẹni tó ń béèrè á pọ̀n mọ́ àṣẹ náà lẹ́yìn bí ọmọ.

Bó bá ń bọ̀ láti oko, a máa pàṣẹ fún ewúrẹ́, a máa pàṣẹ fún àpáta Savè pàápàá. "*Dímelo!*" ni yóò wí, yóò sì dúró jẹ́ẹ́, àfi bíi pé àpáta ń rọra ròyìn òkun fún un, òkun tí kò rí rí. Ìjọba kamarádì, tó ní ọgbọọgba ni gbogbo ènìyàn, fẹ́ rán àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Kúbà. Adjara ti rí ara rẹ̀ níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ ẹ. Ìdánwò ẹnu ní èdè Ẹsipanyọ́ọ̀lù nìkan ló kù.

Ọkùnrin tó bá lórí àga lọ́jọ́ ìdánwò ti hewú, ó ju baba rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ó gbé ìwé kan dání.

"Kamarádì, pàṣẹ kí n gbé ìwé yìí fún ọ. Bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni o."

Adjara kúnlẹ̀, ó fi èdè náà sọ ọ́ lọ́nà ọ̀wọ̀. Ọkùnrin náà mi orí.

"Dìde. A kì í kúnlẹ̀ mọ́. Sọ ọ́ bí o ṣe máa sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ tó ti sọ fún ewúrẹ́ láìmọye ìgbà! Ó wo irun funfun náà, ahọ́n rẹ̀ kọ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Mi ò lè rán yín."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó pe ẹlòmíràn wọlé.

Nílé, Awawou ìyá rẹ̀ ti gúnyán dè é. "Kí ni wọ́n ní kí o ṣe?"

"Wọ́n ní kí n rán àgbà níṣẹ́ bí ẹgbẹ́ mi, Ìyá."

"O wá rán an?"

"Rárá."

Awawou pàtẹ́wọ́, ó dì mọ́ ọn. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde! Wọ́n á mú ọ, ọmọ mi. Ta ni kò fẹ́ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́?"

Ó bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀. Adjara ń jẹ ẹ́, omijé ń kán sínú àwo. Kò lọ́kàn láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé yìí gan-an ló mú kí Kúbà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.