Ẹni Tó Ń Kágò Lẹ́nu Ọ̀nà Tí Mo Kọ́

Yàrá tí mo gbé ní Àjàṣẹ́ nígbà náà, òórùn ògiri tútù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn níbẹ̀. Ilé Àgùdà àtijọ́ ni, onífèrèsé pákó, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Bí òjò bá rọ̀, atẹ́gùn ọ̀sà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á wá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà. Ìwọ tí o ń kọ́ ìkànnì bíi tèmi náà mọ irú iṣẹ́ wa, a kì í fojú rí oníbàárà. Láti Kétu ni mo ti wá, n kò ní ẹbí kankan nílùú náà, mo sì lè lo odidi ọjọ́ mẹ́ta kí n má lanu sọ ju "ẹ fún mi ní búrẹ́dì" lọ. N kò ní purọ́ fún ọ, àdáwà náà ń jẹ mí lára. Mo kàn ń pè é ní ìfọkànsíṣẹ́ ni.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni ìkànnì tí ẹgbẹ́ ọmọ agboolé kan ní kí n kọ́ fún wọn. Àwọn ọmọ agboolé náà ti fọ́n ká, Kùtọnu, Gàbọ́ọ̀n, ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fẹ́ ibì kan tí wọn yóò ti máa rí àwòrán ara wọn, kí wọ́n sì máa gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú. Irinṣẹ́ tí mo fi ń kọ́ ìkànnì ti ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ra ilẹ̀kùn tòun ti kọ́kọ́rọ́. Ìmeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà ló ń béèrè, lédè Faransé. Àwọn àgbà ilé kò ní ìmeèlì, mo bá tún un ṣe kí ó máa béèrè nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àṣírí. Faransé ibẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí àjèjì má ṣe wọlé o, mo sì fi kún un pé ẹni tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn di ọjọ́ kejì. Mo rò pé mo gbọ́n gan-an ni.

Ìkànnì náà máa ń kọ gbogbo ẹni tí kò rí ọ̀nà wọlé sílẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun kan níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun alásàrì, ẹnìkan á dé, níbi tó yẹ kó kọ nọ́ńbà sí, á kọ ọ́ pé, "Àgò o." Ilẹ̀kùn á kọ̀. Á kọ ọ́ pé, "Àgò onílé o." Ilẹ̀kùn á kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, "Ẹ jọ̀ọ́, àgò o," ilẹ̀kùn á sì tì pa. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo ní aláwàdà wo nìyí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, mo rí i pé bí aago mẹ́rin bá ti kọjá, mo ti ń ṣí àkọsílẹ̀ náà, mo ti ń retí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, òun nìkan ló kí mi.

Mo yẹ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò tíì wọlé rí, ìyá àgbà kan tó ń gbé agboolé náà gan-an, kò jìnnà sí mi. Mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà wọn níbẹ̀, lọ. Mo bá a lórí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Yàrá mẹ́fà ló yí ọ̀ọ̀dẹ̀ náà ká, àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà márùn-ún nínú wọn. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ìwọ lo kọ́ ilé inú pọ́tábù yìí?" ló wí, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ọmọ mi bímọ ní Gàbọ́ọ̀n. Ó ní àwòrán ọmọ wà nínú ẹ̀, kí n ṣáà wọlé. Mo kágò títí, wọn ò dá mi lóhùn."

"Ìyá, nọ́ńbà ni wọ́n ń béèrè."

"Èmi ò gbọ́ Faransé. Wọ́n ní kí n wọlé, mo dé ẹnu ọ̀nà. Kí làá wí lẹ́nu ọ̀nà?" Ó tọ́ka sí ojú fóònù náà. "Pupa ni wọ́n ń fi hàn mí. Mo ní bóyá mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ìyá yìí rò pé àwọn ọmọ òun ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo tì í. Ó ti tì lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, n kò sì lè ṣí i láìdé ìdí kọ̀ǹpútà mi. Ó fi ìwé pélébé tí akọ̀wé kọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí hàn mí, ó ká a ní mẹ́rin sínú àpò. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró dè mí di ọ̀la.

Irinṣẹ́ wa yẹn fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀kùn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ó tó yẹ àlejò wò. Mo yọ Faransé kúrò. Mo kọ ọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá kágò, kí a má kà á sí àṣìṣe, kí ilẹ̀kùn dáhùn pé, "Àgò yà o. Ta ni? Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín." Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó béèrè àṣírí. Akọ̀wé rí i, ó ní, "Ilẹ̀kùn ti di onílé!" Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn aago mẹ́rin, mo jókòó ti àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí àwọn àlejò ń ṣe lórí ìkànnì náà. Ó kágò. Ó kọ nọ́ńbà. Àṣírí rẹ̀ kọ́kọ́ ṣì, ìkejì tọ̀nà. Àwòrán ọmọ náà nìkan ló ṣí, kò sì jáde níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú mi dùn. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣí ìwé àwọn tí kò rí ọ̀nà wọlé, ó ṣófo, ẹni tó máa ń kí mi kò sí níbẹ̀ mọ́, mo sì sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli, mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, "Àgò o!" Mo sáré ṣílẹ̀kùn. Ìyá náà ni, akọ̀wé ló júwe ilé fún un. Ó gbé àkàsà àti ẹja díndín dání. Mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo ń rẹ́rìn-ín, mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò wọlé. Ó dúró sínú òjò. Mo nawọ́ sí i, mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó tún wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rán ọmọdé létí, "Àgò o." Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ìgbà tí mo ti dé yàrá yẹn, ẹnikẹ́ni kò kágò níbẹ̀ rí. Mo ti kọ́ ẹ̀rọ ní èsì, èmi fúnra mi ti gbàgbé rẹ̀.

"Àgò yà o, Ìyá," mo ní. Ìgbà náà ló tó gbé ẹsẹ̀ wọlé.

Mo ti kọ́ ẹnu ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà, mo sì ti mọ̀ pé ṣíṣí ilẹ̀kùn kò tó, àfi kí ẹni tó wà nínú ilé fọhùn. Títí di òní, bí aago mẹ́rin bá ti kọjá, mo máa ń dín ariwo rédíò kù, kí n lè gbọ́ bí ẹnìkan bá ń kágò.