Bàtà Ẹsẹ̀ Kan ní Ìdí-Òrí

Ẹ̀yin oníṣòwò Yorùbá tó wà ní Wagadúgù, mi ò tí ì kí yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tí ẹ jẹ. Kì í ṣe owó. Ká ní owó ni, ẹ ó ti dá a tipẹ́, ẹ ó sì ti ka orúkọ ẹni tó dá jù létí gbogbo ayé. Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ jẹ òkú: “A rí i lẹ́nu iṣẹ́.”

Félix, ọmọ olóògbé Gàníyù aláṣọ, kú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá, ní ibùdókọ̀ ojú irin kékeré tí àwa obìnrin ń pè ní Ìdí-Òrí. Òun ló ń fi àsíá júwe fún ọkọ̀ níbẹ̀: aláwọ̀ ewé, máa lọ; pupa, dúró. Paramọ́lẹ̀ bù ú ṣán ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, níbi tó ti ń ro koríko ẹ̀gbẹ́ irin. Nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ kan kọjá níwájú rẹ̀ tí ì bá gbé e dé ọsibítù ní ọ̀sán gangan. Félix fúnra rẹ̀ ló gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè fún ọkọ̀ náà pé kó máa lọ.

Ẹ tún un kà. Èmi náà tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi.

Gbogbo wa la mọ ọkọ̀ méjì tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ọ̀kan ni Akílékílé, tó ń dúró níbi gbogbo bí ìyàwó tuntun tó ń kí ẹbí ọkọ. Èkejì ni Máwẹ̀yìn, tí kì í wo ibùdókọ̀ kékeré lójú. Ní oṣù kẹfà, àwọn ọ̀gá ojú irin béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò gbogbo: ṣé kí Máwẹ̀yìn náà máa dúró díẹ̀díẹ̀, àbí kó máa sáré rẹ̀ lọ? A ṣèpàdé ní àdúgbò Gounghin. Jìbírílù tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ dìde.

“Ìyá Ayọ̀ọlá, bí ọkọ̀ bá ń dúró níbi gbogbo tí adìẹ bá ti yé ẹyin, ìgbà wo la fẹ́ délé?”

Mo ní, “Jìbírílù, ẹyin Ìdí-Òrí lo jẹ láàárọ̀ yìí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá ṣírò fún wọn, torí ìyẹn ni ilé-ìwé kékeré tí mo lọ fi kọ́ mi. Ibùdókọ̀ mọ́kànlá, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Máwẹ̀yìn ń dé Wagadúgù ní aago méjìlá géérégé. Ní aago méjìlá géérégé náà ni ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù ń ti ilẹ̀kùn, tó ń lọ jẹun, tó ń lọ sùn, kò sì ní padà kí aago mẹ́ta tó lù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré, àgádágodo lẹ ń sáré wá kí?

Alhájì Súbérù, alága wa, fi ọwọ́ gba ọ̀rọ̀ náà dànù. “Ìlọsíwájú là ń sọ, ìwọ ń sọ kọ́kọ́rọ́.” Ó fọwọ́ síwèé fún gbogbo wa pé kí Máwẹ̀yìn má dúró. Wọn ò fún èmi ní kálámù. Wọ́n ní ọwọ́ alága ti tó.

Ẹni tí kò bá mọ Félix lè sọ pé: kí ló dé tí kò gbé àsíá pupa? Ó ti gbé e rí. Ní ọdún tó kọjá, Ramatou tó ń ta irú níbẹ̀ ń rọbí, ọmọ náà sì gbé ẹsẹ̀ síwájú. Félix fi àsíá pupa dá Máwẹ̀yìn dúró, wọ́n gbé Ramatou lọ sí ọsibítù, ìyá yè, ọmọ yè. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bírò, ilé iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ojú irin, fi lé Félix kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ síwèé fún un pé àsíá pupa wà fún ewu tó bá wà lójú irin, kò sí fún ewu tó wà nínú ikùn obìnrin. Bó bá tún un ṣe, ilé tó ń gbé di ti ẹlòmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé Máwẹ̀yìn ò mọ ìdúró ṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ikú yẹn, èmi gan-an wà nínú rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn gbé fìlà ìyàwó ọ̀gá kan gba ojú fèrèsé jáde. Ọkọ̀ dúró gbọin láàárín oko bàbà. Ọkùnrin mẹ́fà sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń tú oko kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Mo wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n rí fìlà, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ń bi yín o: báwo lèèyàn ṣe ń di fìlà?

Ọmọ yẹn mọ ènìyàn. Kò sí ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ tí kì í pariwo, “Ìyá, bonne arrivée! Ẹ kú ìrìn!”, èdè baba rẹ̀ àti èdè ilé-ìwé rẹ̀ nínú ìkòkò kan. Igbá òrí mi, inú ilé rẹ̀ ló ń gbé e sí kí oòrùn má baà yọ́ ọ. Bàtà tí ilé iṣẹ́ fún un, kì í wọ̀ ọ́ àyàfi bí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Ó ní, “Ìyá, ọkọ̀ ni mo ń wọ̀ ọ́ fún, koríko ò bọ̀wọ̀ fún bàtà.” Ìdí nìyẹn tí ejò fi bá ẹsẹ̀ lásán.

Ramatou ló sọ ìyókù fún mi. Ó bẹ Félix lọ́jọ́ náà pé kó gbé pupa. Félix dá a lóhùn pé, “Mo ti gbé e fún ọ. Ti ara mi ò sí nínú ìwé.” Nígbà tó gbọ́ ìró Máwẹ̀yìn, ó wọ bàtà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan dúró, ó fara ti òpó, ó gbé àsíá. Ọkọ̀ kọjá tán, ó ká àsíá jọ dáadáa, ó rìn lọ sábẹ́ igi òrí, ó jókòó.

Èmi wà nínú Akílékílé, tí wọ́n tì sórí irin ẹ̀gbẹ́ níbi tó jìnnà kí Máwẹ̀yìn lè ráyè kọjá. A dé ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó ní “bonne arrivée”. Albertine ìyàwó rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń lé eṣinṣin.

Nígbà tí mo dé Wagadúgù, ẹ̀yin tí ẹ bá ọkọ̀ ìlọsíwájú dé ṣì jókòó síwájú ilé ẹrù, ẹ ń retí kọ́kọ́rọ́. Alhájì rí mi, ó pariwo. “Ìyá Ayọ̀ọlá, ìwọ àti Akílékílé rẹ! Ṣé o bá ọ̀rẹ́ rẹ ọ̀mùtí ní Ìdí-Òrí? Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀! Ó dìrọ̀ mọ́ òpó, ó ń gbọ̀n pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. A rẹ́rìn-ín títí a fi dé.”

Mo ní, “Félix ti kú.”

Jìbírílù ní, “Ìnnàlílàhi.”

Lọ́jọ́ kejì, bírò rán èèyàn lọ sí Ìdí-Òrí. Ẹ má sọ pé wọn ò láájò: kí wọ́n tó sin òkú, wọ́n ti gba àsíá méjì, fìtílà kan àti fèrè kan, wọ́n sì fún opó ní rísíìtì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tó fi ogójì ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú, nítorí náà ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹbí rẹ̀ ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan. Albertine àti ọmọ rẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ kó kúrò nílé náà ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí. Ramatou lọ jẹ́rìí, wọ́n ní obìnrin tí kò mọ aago wò kò lè sọ ìgbà tí ọkọ̀ kọjá. Wọ́n fẹ́ èrò ọkọ̀, ọkùnrin tó ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

Mo tọ Alhájì lọ. Ó ní, “Mi ò rí nǹkan kan. Oorun ni mò ń sùn.”

Alhájì, ẹni tó ń sùn ló mọ̀ pé bàtà ẹsẹ̀ kan ni? Kò sí ẹni tó lè mọ̀ bí kò ṣe ẹni tó rí i. Ẹ̀rín tí ẹ rín in ni ẹ̀rí rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù: bí ẹ bá jẹ́rìí, wọ́n á béèrè ìdí tí ọkọ̀ kò fi dúró, ìwé tí ẹ fọwọ́ sí á sì jáde. Kó jáde. Ìwé tó le ju òkú lọ kò sí.

Bírò ń ti ilẹ̀kùn ní aago méjìlá, nítorí náà aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ìpàdé wa sí lẹ́nu ọ̀nà bírò, ẹ mọ ìdí rẹ̀. N ó mú bàtà ọ̀tún dání, èyí tí kò wọ̀ ọ́; Albertine ti fún mi. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì yín wá, kí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, kí ẹ sì gba ọwọ́ yín kúrò nínú ìwé oṣù kẹfà. Bí ẹ bá ṣe é, ibẹ̀ ni n ó ti kúnlẹ̀ kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mi ò bá rí yín, èmi nìkan ni n ó wọlé, n ó sì ka orúkọ gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ni mò ń retí yín.