Ilé Ìkẹ́rùsí Tí Kò Ní Òórùn Ọṣẹ

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni ọ̀gá mi rán mi lọ sí Ìgàndó, kí n lọ ka ẹrù ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ. Báńkì ti yá wọn lówó lórí ẹrù yẹn, àwọn èèyàn sì ti ra ìpín níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò ní Ẹ̀gbẹ́dá. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló kó síbẹ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ ka ìwé àyẹ̀wò tí ọ̀gá mi fọwọ́ sí kí òun tó san kọ́bọ̀.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni mo débẹ̀, oòrùn ti mú. Bàbá tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí náà ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Páálí ọṣẹ kún inú ilé láti ilẹ̀ títí kan òrùlé, wọ́n tò wọ́n gún régé. Mo ń kà, mo ń kọ, ṣùgbọ́n ara ń fu mí, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé n kò gbóòórùn ọṣẹ kankan. Òórùn eruku nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo wá fi ìka kan ti páálí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó sún. Gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀ mì lọ, ó mì bọ̀, kò dún rárá.

Nígbà tí mo yíjú, bàbá náà ti dúró tì mí; n kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú àkísà, ó rọra nu ibi tí mo fọwọ́ kàn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú wọn?"

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí."

Ó ṣàlàyé pé àwọn ọ́dítọ̀ tó ń wá lọ́dọọdún kì í kọjá ọ́fíìsì. Wọ́n á mu mọ́ọ̀tì, wọ́n á kọ iye tí ilé-iṣẹ́ bá pè fún wọn, wọ́n á sì lọ. Òun ní tòun ń nu páálí láràárọ̀ bí wọ́n ṣe ní kí òun ṣe. Ó ní ó ti ń pẹ́ báyìí kí òun tó rántí pé òfìfo ni wọ́n.

Ogójì ni mo tú. Kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Ọ̀gá mi kò gbójú sókè nígbà tí mo ròyìn fún un. Ó ní kí n lo iye tọdún tó kọjá. Mo kọ̀, mo sì kọ̀wé sí àwọn tó ga jù ú lọ. Kí oṣù náà tó parí, báńkì ti ti géètì ibẹ̀ pa. Àwọn tó ra ìpín kò rí nǹkan kan gbà.

Mo lọ bá tíṣà mi nílé. Ó ti mọ̀. Ó kàn béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi: "Ti ọdún tó kọjá ńkọ́, ta ló kọ iye yẹn?"

Mo ní èmi ni. Àwọn tó lọ síbẹ̀ lọ́dún náà ló pè é fún mi lórí fóònù, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ̀, n kò sì lè sọ títí dòní ohun tí mo jẹ.