Nǐmen fún Ẹnì Kan Ṣoṣo

Mo ti rí olùkọ́ tí kò mọṣẹ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ti Ìyànà-Ìbà yẹn yàtọ̀. Òkè ilé ìtẹ̀wé kan ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní gírámà èdè Ṣáínà, tòun ti kóòtù nínú ooru.

Ọmọbìnrin tó háyà yàrá kan nínú ilé mi ní Ọ̀jọ́ ló ń lọ síbẹ̀. Bàbá ará Ṣáínà kan tó ń ta táìlì ní Òkókómáíkò ń wá ẹni tó lè bá òun sọ èdè náà díẹ̀díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ní kí ọmọ náà wá dán ara rẹ̀ wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó sì fi ẹkún wọlé bá mi.

"Màmá, tísà wa ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ irun dídì. Wọ́n ní orí mi ò gba Ṣáínà."

Èmi tí mo kọ́ni ní Yorùbá ní ilé-ìwé inú bárékè sọ́jà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ orí tí kò gba ẹ̀kọ́, mo sì mọ ẹnu tí kò lè kọ́ni. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kejì.

Tísà kọ "lọ" lédè Òyìnbó sójú pátákó, ti òní, ti àná, ti ọ̀la. Ó wá kọ qù, "lọ" ti àwọn ará Ṣáínà, síwájú gbogbo wọn.

"Ẹ ò rí i pé èdè yìí le? Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kì í yí padà!"

Àwọn ọmọ Yorùbá tó jókòó síbẹ̀ mirí tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé "mo lọ lánàá" àti "mo fẹ́ lọ lọ́la," "lọ" kò sì yí padà fún wọn rí. Tísà tún ní ohun ìyanu ni pé ọ̀rọ̀ ìbéèrè máa ń gbẹ̀yìn: nǐ hǎo ma? Ṣé kò tíì sọ "ó dára bí?" rí láyé rẹ̀ ni? Nígbà tó kan ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ó ní ká máa fi ọwọ́ júwe rẹ̀ lófuurufú, àwa tí a ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ lára ọkọ̀ láì ju apá!

Ó wá pe ọmọ tó ń gbélé mi síwájú, kí ó kí òun bí ẹni pé òun ni bàbá táìlì.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀. "Nǐmen hǎo."

Tísà bú sẹ́rìn-ín. "Èmi àti ta ni? Èèyàn mélòó lo rí níbí? Àwọn tó ju ẹnì kan lọ là ń pè ní nǐmen! Olódo!"

Ìgbà yẹn ló yé mi. "Ẹ" lọmọ náà ń wá. "Ẹ" tiwa ń ṣiṣẹ́ fún èrò púpọ̀, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ fún àgbàlagbà kan ṣoṣo. Nǐmen tiwọn kò mọ ìyẹn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ló ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ wọn, ó yẹ kó ti máa retí rẹ̀.

Mo nawọ́. "Tísà, ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹ ni. Kí ni wọ́n ń sọ fún àgbà níbẹ̀?"

"Màmá, nǐ ni fún gbogbo èèyàn. Ará Ṣáínà ò mọ̀ pé ẹnì kan ju ẹnì kan lọ."

"Nín ńkọ́?" Mo ti gbọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà máa ń gbọ́ lórí fóònù nígbà tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, pé òun ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

"Màmá, ṣé ẹ ti dé Ṣáínà rí ni?"

"Rárá o. Ìwọ ńkọ́?"

Ó kọjú sí pátákó, ó ń nu ibi tí kò sí nǹkan kan.

"Tísà, ẹ dá Màmá lóhùn jàre!" Ẹnì kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi ni mo ṣe bàbá táìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Bí ọmọ náà bá ti ní nǐmen, màá bojú wẹ̀yìn wá àwọn tó kù. Kò pẹ́ tí nín hǎo fi ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó sáré wọlé. Wọ́n ti gbà á.

"Bàbá náà bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní tāmen ni."

"Àwọn? Mélòó ni mí?"

"Ohun tí bàbá náà bi mí nìyẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí."

"Tā ni, ọmọ mi. 'Ó.' Ẹnì kan ni mí."

"Hà! Kí n máa pe Màmá ní 'ó' níwájú àlejò?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, tísà ti lẹ fọ́tò ọmọ náà mọ́ pátákó ìpolówó pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ni. Ọmọ náà fẹ́ lọ bá a jà. Mo ní kó jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi í léèrè olùkọ́ rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, kó sọ pé tāmen. Àwa méjèèjì á mọ̀ pé èmi nìkan ni; tísà á rò pé òun náà wà nínú wọn.