Àjẹ̀ Kúkúrú Tó Wà Lájà Ààfin

Simeon Ọláníyọnu, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tó ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè, gba ìwé ìpè ilé ẹjọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kó wá jẹ́rìí sí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Ọdún 1986 ló kọ ọ́, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì. Ìtàn àwọn ọba ìlú rẹ̀ ni, ìlú kékeré kan létí ọ̀sà, lọ́nà Makun-Omi. Níbẹ̀, ọba tuntun fúnra rẹ̀ ni í wa ọkọ̀ wọ ìlú. Wọn a gé àjẹ̀ tí yóò fi wà á ní ìwọ̀n gíga rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá ti gúnlẹ̀, wọn a fi àjẹ̀ náà há àjà ààfin.

Àjẹ̀ mọ́kànlá ni Simeon kà. Ọba mẹ́wàá ni àwọn ìjòyè dárúkọ. Ìyá Ìbíkẹ́, tó ti ń gbá ààfin láti ìgbà ọmọge, ló sọ fún un pé ọba obìnrin kan ló ni èyí tó kúrú jù. Ó jọba fún ọdún mẹ́ta nígbà tí àwọn ọkùnrin wà lójú ogun. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Simeon kọ ọ̀rọ̀ yìí àti orúkọ ọba náà sínú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Olóyè Bùsúyì, kà á kó tó dé ilé ìtẹ̀wé, ó sì bi í bóyá ó fẹ́ kí òun máa dá jókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ni. Simeon fa igi lé orúkọ náà. Ó kọ pé ohun ìṣeré ọmọ ọba kan ni àjẹ̀ kúkúrú náà.

Ààfin jó lọ́dún 2009. Àjẹ̀ kan ò ṣẹ́ kù. Ní báyìí, ọba ti wàjà. Ìdílé ọba obìnrin náà ń béèrè oyè, ìdílé Simeon sì ń fi ìwé rẹ̀ ta kò wọ́n ní kóòtù pé wọn kò jọba rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Akínbọ́lá àbúrò rẹ̀ wá.

“Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín ni wọ́n pè, wọn ò pe ìrònú yín. Ẹ ṣáà ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ jókòó.”

Ó rọra fi kún un pé ẹni tó bá tú ilé bàbá rẹ̀ ká, kó má retí ibojì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Nimotalahi, ọmọ ọmọ Ìyá Ìbíkẹ́, wá láti Iwopin. Ó yọ ẹ̀dà ìwé náà kan jáde, èèpo rẹ̀ ti rọ̀ bí aṣọ. Abẹ́ ìrọ̀rí ni ìyá àgbà fi í sí títí ó fi kú, tó ń sọ fún gbogbo àlejò pé ọ̀rọ̀ òun wà nínú rẹ̀. Ní báyìí, àwọn ará ìlú ń sọ pé irọ́ ló pa.

“Bàbá, ìyá àgbà ò mọ̀wé,” ló wí. “Ojú ewé wo lẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sí? Mo ti wá a títí.”

Nígbà tí Nimotalahi lọ, Simeon ṣí àpótí. Ikán ti jẹ etí ìwé àfọwọ́kọ náà, ṣùgbọ́n orúkọ ọba obìnrin náà ṣì hàn lábẹ́ igi tó fà. Ó fi ọ̀rá wé e, ó dì í pọ̀ mọ́ Bíbélì rẹ̀. Ó wá fi fóònù sọ fún Akínbọ́lá pé kó má wá fi mọ́tò gbé òun; òun yóò dá lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni ìgbẹ́jọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀.